Ọwọ́ Késíà Lábẹ́ Aṣọ

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Jábésì Thorley, fi ojú gbogbo ará Hawsby, ìlú wa, ṣòwò títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ó sì rí èrè tó láti fi gíláàsì bo òrùlé yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo tí kò fi ṣòwò ni ojú ìyàwó ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú náà ni mo fẹ́ sọ, èmi Dọ́kásì, àbúrò ìyàwó. Inú mi máa ń tètè bí, ẹ bá mi fara dà á.

Ayàwòrán ni Jábésì kó tó di onífọ́tò. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló fi ń jẹun. Ọkọ̀ apẹja àti ọ̀gá ọkọ̀ ló máa ń kùn jù, nítorí etí òkun la wà, kò sì sí ọ̀gá ọkọ̀ tí kò fẹ́ kí àwòrán òun wà lára ògiri lókè ibi ìdáná. Àìsàn kan ló ń ṣe Jábésì nídìí iṣẹ́ náà: kò lè rí ohun tó wọ́ kó má tọ́ ọ. Bí imú rẹ bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò bá ọ dá a padà sáàárín. Bí eyín rẹ bá ti ká, yóò pa ẹnu rẹ dé. Ó kun Ọ̀gá Harker, tí ìjì àti ọtí ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó Harker tẹjú mọ́ àwòrán náà títí, ó ní, "Ó dára o. Ta ni?"

Nídìí ọkọ̀ bàbá wa ló ti pàdé Késíà. Bàbá wa gbé iṣẹ́ fún un pé kó wá kun ọkọ̀ òun, ó sì jókòó sórí àgbá lẹ́bàá omi, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé agbọ̀n ẹja ṣáwá kọjá, ó dúró, ó wò ó.

"Òkun wo lẹ ń kùn yìí?"

"Òkun tó wà níwájú rẹ yìí náà ni."

"Èyí tó wà níwájú mi ò rí báyìí. Ó rí bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́."

"Bí mo bá kùn ún bí omi abọ́, ta ni yóò rà á?"

"Ẹni tó bá mọ òkun ni."

Jábésì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀dà búlúù sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ní òun gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì kan. Lọ́jọ́ kẹta ó tún ti gbàgbé òmíràn. Bàbá wa ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè fún un ní ọmọbìnrin yìí, kí búrọ́ọ̀ṣì ọmọ ọlọ́mọ má baà tán."

Kí n sọ bí Késíà ṣe rí. Irun rẹ̀ pupa débi pé téèyàn bá dúró lórí òkè níbi tí ilé ìjọsìn wa wà, yóò mọ ibi tó wà láàárín gbogbo obìnrin tó ń pa ẹja nísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ búlúù, bíi tí gbogbo wa nínú ìlú yìí, ṣùgbọ́n tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ju tiwa lọ. Àmì wínníwínní pupa sì fọ́n ká imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọ̀ ni mo ń kà fún yín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, Jábésì ṣèlérí níwájú gbogbo wa pé òun yóò kun Késíà, pé àwòrán náà ni yóò jẹ́ iṣẹ́ tó dára jù tí òun yóò ṣe láyé. Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, nítorí ó ní pupa tó wà lọ́wọ́ òun kò tó pupa irun rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, torí àwọn ọlọ́kọ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni àpótí dé.

Ọdún tí ọkọ Ọbabìnrin Victoria kú, tí gbogbo èèyàn ń wọ dúdú, ni ọkùnrin kan gbé àgọ́ àti àpótí fọ́tò rẹ̀ wá sí etí omi wa. Ó ní kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó má mira, òun yóò mú ojú rẹ̀ láàárín ìgbà tí kò tó fi se ẹyin. Ìlú dà lọ bá a. Ọ̀gá Harker gan-an lọ. Fọ́tò tirẹ̀ jáde pẹ̀lú imú wíwọ́ àti ojú wíwú, ìyàwó rẹ̀ sì gbé e mọ́ àyà, ó ní, "Ọkọ mi rèé, ẹhànnà yìí!" Wọ́n gbé bíṣọ́ọ̀bù kúrò lókè ibi ìdáná.

Jábésì bínú. Ó ń kiri ilé, ó ń bú àpótí bí ẹni tó ń bú orogún.

"Àpótí tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú! Tí kò mọ búlúù yàtọ̀ sí funfun! Ẹ fi ojú wo fọ́tò Harker dáadáa, ó dà bí afọ́jú!"

Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn. Bí àpótí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn: ohun tó bá pupa, dúdú ni yóò mú un; ohun tó bá búlúù, funfun ni. Gbogbo wa ní Hawsby tí ojú wa búlúù, bí òkú ni a ṣe ń jáde. Ṣùgbọ́n bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó tún pe Jábésì láti wá kun nǹkan kan. Késíà ló gé ọ̀rọ̀ náà kúrú.

"Ọ̀gbẹ́ni Thorley." Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé ẹ ó jẹ búrọ́ọ̀ṣì ni, àbí ẹ ó jẹ búrẹ́dì?"

"Ayàwòrán ni mí, Késíà."

"Mo mọ̀. Ẹ lọ ra àpótí, kí ayàwòrán mi má baà kú."

Ó ta àwọn férémù olówó rẹ̀, ó ra àpótí. Ó kọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìkanra, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ yanjú. Ó ń da omi oògùn sórí gíláàsì, ó ń gbé e sínú àpótí kó tó gbẹ, yóò fi irin di ìpàkọ́ ẹni tó jókòó mú, yóò ṣí ojú àpótí, yóò máa kà sókè. Nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tán, yóò mú pẹ́ńsùlù, yóò dá ẹyinjú padà fún oníkálukú. Mo máa ń wò ó bó ṣe ń ṣe é. Kò tún tọ́ imú ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ará Hawsby kan jáde nílé rẹ̀ ní afọ́jú.

Késíà ló ń ṣe pépà. Funfun ẹyin ni wọ́n fi ń kun pépà fọ́tò láyé ìgbà yẹn, kó lè máa dán. Ẹyin apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀! Funfun rẹ̀ lọ sára pépà, pupa rẹ̀ sì di ti ikùn wa. A jẹ kéèkì pupa ẹyin, a jẹ búrẹ́dì pupa ẹyin, a rò ó pọ̀ mọ́ mílíìkì, a bu ìyókù fún àwọn aládùúgbò títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n bá rí mi tí mo gbé abọ́ dání. Mátà Pell tó ń gbé òdìkejì wa ní, "Dọ́kásì, bí ẹ bá tún gbé ẹyin wá, màá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí àkùkọ." Oògùn tí wọ́n ń lò náà sì sọ ìka Késíà di dúdú, kò ṣeé fọ̀. Ó wá ń wọ ìbọ̀wọ́ lọ sílé ìjọsìn, àwọn kan sì ń sọ pé ó fẹ́ máa ṣe bí ìyàwó olówó. Mo bá méjì nínú wọn jà.

Gbogbo èèyàn ló jókòó níwájú àpótí Jábésì, àfi Késíà. Jábésì kò gbà. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè kà á bí Àdúrà Olúwa.

"Mú mi lónìí, Jábésì. Òrùn dára."

"Kí irun rẹ jáde ní dúdú? Kí àwọn àmì ojú rẹ dà bí ẹrẹ̀ tó ta sí ọ lára? Àpótí wà fún àwọn oníbàárà. Ìwọ, mo fẹ́ kùn ọ́ ni."

"Ẹ ó kùn mí lọ́jọ́ wo, Ọ̀gbẹ́ni Thorley?"

"Bí iṣẹ́ bá dẹwọ́."

Iṣẹ́ kò dẹwọ́. Àwọn ọmọdé ni kò jẹ́ kó dẹwọ́. Kò sí ìyá tí kò fẹ́ fọ́tò ọmọ rẹ̀, nítorí ibà àti ikọ́ ń pa ọmọ láyé ìgbà yẹn, òkun sì ń dúró de àwọn tó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìkókó wo ló máa ń jókòó jẹ́ẹ́? Àwọn ìyá pàápàá ń gbọ̀n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ẹja dé, aṣọ wọn tutù. Késíà ló rí ọgbọ́n rẹ̀. Yóò jókòó sórí àga, wọn yóò fi aṣọ tábìlì aláwọ̀ ewé kan bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni bo àga, wọn yóò gbé ọmọ lé e nítan. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò yọ díẹ̀ láti di ọmọ náà mú. Yóò máa kọ orin ìsìn lábẹ́ aṣọ, jẹ́jẹ́, ọmọ náà yóò sì ranjú, yóò máa gbọ́ ohùn tó ń ti inú àga jáde. Láàárín ìgbà tí ọmọ bá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn, Jábésì ti mú un. Késíà kò bí ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Hawsby tí kò jókòó sórí itan rẹ̀.

Òtútù àyà ló pa á, ní ìgbà òtútù tí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró. Kò pẹ́ lórí àìsàn. Jábésì sin ín, ó padà sídìí àpótí, kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó le lọ́kàn ni, mo sì gbé e sínú.

Ìgbà tí ọdún yípo, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ilé ìdáná mi wá. Mo ń bó pòtétò. Kò kí mi.

"Dọ́kásì, báwo ni àgbọ̀n Késíà ṣe rí?"

"Àgbọ̀n kí ni?"

"Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ṣé ó rí ṣóńṣó ni, àbí ó rí róbótó?"

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọ̀dà wà ní ìka rẹ̀, ọ̀dà tí mi ò rí lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mo ti gbé búrọ́ọ̀ṣì jáde," ó ní. "Láti ìgbà Kérésìmesì ni mo ti ń gbìyànjú rẹ̀. Pupa irun rẹ̀ wà lójú mi, bí mo bá di ojú mi báyìí mo rí i. Búlúù ojú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ojú fúnra rẹ̀ ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Lójoojúmọ́ ó ń sá. Bí mi ò bá mú un báyìí, Dọ́kásì, kò ní í kù mọ́."

Inú bí mi. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ mú fọ́tò ajá Mátà Pell! Ẹ mú fọ́tò ẹṣin, ẹ mú fọ́tò ẹja ńlá tó kú sí etí omi, ẹ ò mú ti ẹ̀gbọ́n mi! Ó bẹ̀ yín! Mo wà níbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín!"

"Mo fẹ́ kùn ún ni," ó ní. Ló bá jókòó sórí àpótí èédú mi, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ojú tì mí. Mo fẹ́ sọ bí àgbọ̀n Késíà ṣe rí fún un, kí n lè pa á lẹ́kún. Mo ya ẹnu. Mo rí irun pupa, mo rí àmì wínníwínní, mo gbọ́ ẹ̀rín. Àgbọ̀n dà? Èmi tí a bí tẹ̀ lé e, tí a jọ sùn sórí ibùsùn kan, mi ò lè sọ bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Èmi ni mo rántí ọwọ́. Mo ní, "Àna mi, ẹ dákẹ́. Ó wà nínú fọ́tò. Ó wà nínú gbogbo wọn." Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe jáde nílé ìjọsìn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún gbogbo obìnrin tó ti bímọ pé kí wọ́n gbé fọ́tò ọmọ wọn wá sílé Thorley.

Wọ́n wá. Yàrá gíláàsì kún, àwọn kan dúró sínú àgbàlá. Wọ́n tú fọ́tò jáde láti inú Bíbélì, láti abẹ́ ápúrọ́ọ̀nù, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì.

"Ọwọ́ rẹ̀ rèé!" Mátà Pell ló ń pariwo. "Ẹ wò ó lábẹ́ apá ọmọ mi. Gbogbo ọdún tí èyí fi wà lára ògiri, bẹ́líìtì ni mo pè é."

Mo ní, "Bẹ́líìtì ló ní èékánná?"

"Dọ́kásì, ṣé ìwọ lo bí mi, tí o fi ń bú mi? Ojú mi ò dáa."

"Èjìká rẹ̀ nìyí, ẹ wò ó bó ṣe gbé aṣọ sókè lápá òsì."

"Bàtà rẹ̀ rèé, ó yọ lábẹ́ aṣọ! Èyí tó lu níwájú."

"Ó wọ bàtà yẹn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di bàtà méjì."

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń sunkún. Jábésì ń ti orí fọ́tò kan bọ́ sórí òmíràn, ó ń wo ọwọ́ náà, bó ṣe tẹ ọmọ kan mọ́ra, bó ṣe rọra gbá òmíràn nídìí, ìka tí oògùn ti sọ di dúdú. Ó gbé kánfáàsì, aṣọ ìyàwòrán rẹ̀, dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lójú gbogbo wa, ó sì ṣe é lọ títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò ṣí ilé iṣẹ́ fún oníbàárà kankan. Nígbà tó pe àwa obìnrin padà, ọwọ́ Késíà wà lórí kánfáàsì náà, kò sí àní-àní. Èjìká rẹ̀ wà. Bàtà rẹ̀ tó lu wà. Mo wo òkè ibẹ̀ níbi tí ojú wà. Áńgẹ́lì kan ló ń wò mí, imú rẹ̀ tọ́ gbọ̀ngbọ̀n, àgbọ̀n rẹ̀ bí ẹyin.

Mátà Pell ló pàpà sọ ọ́.

"Ó dára o," ó ní. "Ta ni?"

"Mátà!"

"Ṣé kí n purọ́ ni? Obìnrin yìí ò pa ẹja rí láyé rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ ò lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n òdodo ló sọ. Jábésì gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ní, "Mátà ò jẹ̀bi. Ó ti lọ. Mo pẹ́ jù." Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń sọ iye aago tó lù. Àwọn obìnrin kó fọ́tò wọn, wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Arábìnrin Tranter, ọ̀kan nínú wọn, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan láti àárọ̀, tí kò sì mú fọ́tò kankan wá, ló kọ́kọ́ jáde. Mo rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé àánú ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì mo wà lọ́dọ̀ Jábésì, mo ń fi agídí bu ọbẹ̀ fún un, nígbà tí ariwo sọ lẹ́nu ọ̀nà. Énọ́kù ni, ọmọ Arábìnrin Tranter, ọkùnrin gìrìwò kan tó ní irùngbọ̀n, tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ apá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń fà á padà, ó dà bí ìgbà tí ológbò bá ń fa màlúù.

"Énọ́kù, mo ti ṣèlérí! Mo ṣèlérí fún òkú!"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣèlérí. Èmi ò ṣe é."

"O wà níbẹ̀!"

"Mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn! Báwo ni mo ṣe máa ṣèlérí?" Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù òtútù tí ìyá rẹ̀ hun fún un, ó fa fọ́tò kan jáde. "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Thorley. Ẹ má bínú. Èmi ni mo fa aṣọ."

Jábésì gbà á. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ wo.

Ọmọ kan ló wà níbẹ̀, tó sanra, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kún fún aṣọ tábìlì aláwọ̀ ewé. Aṣọ náà ti já wálẹ̀ láàárín ìgbà tí àpótí ṣì lajú. Òjìji rẹ̀ ṣì hàn fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ojú obìnrin kan sì yọ láàárín rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu sílẹ̀. Irun rẹ̀ dúdú bí èédú. Ẹyinjú rẹ̀ funfun. Ẹrẹ̀ ta sí i ní gbogbo imú. Ó ti mira, nítorí náà etí kan di méjì.

"Ó ti bàjẹ́," ni Jábésì wí. Bó ṣe máa ń wí fún gbogbo iṣẹ́ tí kò yọrí nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́jọ́ yẹn," Arábìnrin Tranter ní. Ó ti ń sunkún. "Ẹ pariwo pé kí wọ́n fọ gíláàsì náà nù kíákíá. Ìyàwó yín tẹ ọ̀kan sórí pépà kó tó fọ̀ ọ́. Ó fún mi, ó ní kí n búra pé ẹ ò ní rí i. Ó ní, 'Bí Jábésì bá rí mi pẹ̀lú irun dúdú yìí, inú rẹ̀ á bàjẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé òun ò tíì kùn mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí n wà níbì kan.'"

Jábésì gbé fọ́tò náà lọ sábẹ́ gíláàsì òrùlé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó tẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí i tó fi ìka kan ṣoṣo tọ ìsàlẹ̀ ojú náà, láìfi ọwọ́ kan pépà.

"Àgbọ̀n rẹ̀ rèé," ó ní. "Dọ́kásì, wò ó. Ó wọ́."

Lóòótọ́ ó wọ́. Ó yà sọ́tùn-ún nígbà tó bá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ iwájú sì ya ara wọn, mo ti gbàgbé, mo ti gbàgbé pátápátá, ẹ̀gbọ́n mi rèé. Mo bú sẹ́kún débi pé Énọ́kù ta sẹ́yìn, ó kọlu irin ìdìpàkọ́, irin náà wó lulẹ̀.

"Ṣé mo tún ti ba nǹkan jẹ́ ni?" ó ní.

"Jókòó, ọmọ mi," Jábésì ní. "Ba ohun tó bá wù ọ́ jẹ́."

Ó gbé fọ́tò náà síwájú àpótí, ó mú un bó ṣe ń mú ojú èèyàn, kí àwọn Tranter lè gbé tiwọn padà sílé. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀bẹ, ó ha áńgẹ́lì kúrò lórí kánfáàsì. Inú mi dùn sí ohùn ọ̀bẹ yẹn. Ó kun Késíà sí ipò rẹ̀, lórí èjìká rẹ̀, lókè ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó ń já wálẹ̀ àti ẹnu tó là. Kò tọ́ àgbọ̀n. Kò mú eyín sún mọ́ ara wọn. Àpótí kò mọ pupa, ṣùgbọ́n ó bá wa pa ojú rẹ̀ mọ́. Jábésì ti gbàgbé ojú, ṣùgbọ́n pupa yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí, bó sì ṣe pò ó láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé e lé irun rẹ̀, mo fa àga, mo jókòó wò ó.

"Ṣé kó tún pupa sí i?" ó bi mí.

"Kó pupa díẹ̀ sí i."

Ó fi díẹ̀ sí i. Ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, ó ń fi àmì wínníwínní sí imú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo fọ́tò, ó ń wo kánfáàsì, kò fo ọ̀kan. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn níta, oníbàárà kan tó gbé ọmọ wá. Mo fẹ́ dìde lọ ṣílẹ̀kùn, ó ju ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Kò mọ̀ pé mò ń gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e, tàbí ó mọ̀, kò bìkítà.

"Késíà," ó ní, "iṣẹ́ ti dẹwọ́."

Ó tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ń kùn lọ.